Ojú Ń Bẹ Lórí Ìwo

Kí Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ tó ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn ló ti mọ̀ pé nǹkan ti yíwọ́. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn wà níta tó ń ṣe tirẹ̀, síbẹ̀ èyí tó ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn yìí mọ́lẹ̀ ju ti oòrùn lọ. Ó funfun báláú, ó tẹ́ sórí ilẹ̀ bí omi tó dànù. Bẹ́ẹ̀ yàrá tí òun fúnra rẹ̀ fi àpò dí fèrèsé rẹ̀ ni, tó tún fi aṣọ dúdú bo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má baà ráàyè wọlé.

Ó ṣílẹ̀kùn. Ooru gbá a lójú bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó. Aṣọ dúdú rẹ̀ ti kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti ká a dáadáa sórí àga, bí ẹni ká aṣọ oníbàárà. Gílóòbù ńláńlá rọ̀ láti òkè àjà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí àpótí ìgbín kọ̀ọ̀kan, wọ́n so wọ́n wálẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga díẹ̀ yóò fi orí gbá wọn. Iyẹ̀pẹ̀ inú àpótí, tó yẹ kó dúdú kó sì tutù, ti gbẹ, ó ti sán bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ewé tó wà lórí rẹ̀ ti rún di ìyẹ̀fun. Ìgbín kan kò sì yọjú. Gbogbo wọn ló ti wọ inú ìkarahun lọ, wọ́n ti fi itọ́ ara wọn lẹ ẹnu ìkarahun pa, itọ́ náà ti gbẹ, ó rí bí ìgbà tí wọ́n fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ẹnu ìgò.

Ó wo igun yàrá. Àpótí kan ti dàwátì níbẹ̀. Ilẹ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti di gbígbá mọ́, wọ́n sì ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i, gígùn àti ìbú, bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ gé aṣọ. Àárín ìlà náà, ẹnì kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ẸRỌ TUNTUN.

Inú Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ kò kọ́kọ́ bí i. Ó kàn dúró. Lẹ́yìn náà ni inú náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i láti àtẹ́lẹsẹ̀ wá sókè.

Ilé yìí, ti Ìyá wọn ni. Iwájú ilé, níbi tó kọjú sí títì, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ránṣọ. Ẹ̀yìn ilé, níbi tí oòrùn kì í dé, ni òun ti ń sin ìgbín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, nítorí pé wọn kì í gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó rí i lẹ́yìn wọn. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sin ìgbín, ṣe ni gbogbo ilé rẹ́rìn-ín pé orúkọ ti rí iṣẹ́ tó bá a mu.

Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ti kún. Aṣọ tí wọn kò tíì rán, aṣọ tí wọ́n rán tí oníbàárà kò wá gbà, ẹ̀rọ tó ń ká etí aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló fún pọ̀ sójú kan. Télọ̀ ní kí àbúrò òun kó ìgbín rẹ̀ lọ síbi tí ìgbín ń gbé, ìyẹn inú igbó. Àbúrò rẹ̀ ní kí ó kó aṣọ rẹ̀ lọ síbi tí aṣọ ń gbé, ìyẹn ara ẹni tó ni ín. Ọ̀rọ̀ náà gùn títí tó fi sú Ìyá. Àwọ̀ funfun ti bo ẹyinjú Ìyá nígbà yẹn, ó ń múra àtilọ sílé ìwòsàn.

Ìyá ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n la ojú mi ná. Tí mo bá dé, tí mo fi ojú ara mi rí i pé ìgbín ń ṣe dáadáa, yàrá di ti ìgbín. Tí wọn ò bá ṣe dáadáa, kí télọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wọlé. Mi ò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́ kankan mọ́.”

Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ ló tẹ̀ lé Ìyá lọ. Ta ni ìbá tún tẹ̀ lé e? Ó fi ìgbín sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó fi omi hàn án, ó fi ewé hàn án. Bí ọkọ̀ tó fẹ́ gbé wọn ṣe ń fun fèrè níta, tí dírébà ń pariwo pé òun kò ní gbogbo ọjọ́, ó yára mú ọ̀dà dúdú, ó kọ ohun tó ṣe pàtàkì jù sára ògiri, lókè ibi tí wọ́n ti ń tan iná, lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà tí afọ́jú pàápàá yóò fi ọwọ́ kà.

Lónìí tí wọ́n dé, Ìyá ṣì wà nínú ọkọ̀ níwájú ilé, ìyàwó ilé ń ràn án lọ́wọ́ láti sọ̀ kalẹ̀, ni Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ fi sáré wá wo ìgbín rẹ̀. Ohun tó bá nìyẹn.

Ó yí padà, ó rin kọ́rídọ̀ náà já. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún kì-kì-kì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ, ó gbójú sókè, ó rò pé oníbàárà tó fẹ́ jà ni. Téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, ó fi ètè di abẹ́rẹ́ mú, apá ẹ̀wù kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì so mọ́ ara aṣọ.

“Ta ló tan iná sí ìgbín mi?”

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi wọ́n gún tìmùtìmù kékeré tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. “Káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn. Ìyá ńkọ́?”

“Bọ̀dá mi, mo ní ta ló tan iná?”

“Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ó yẹ kó o kúnlẹ̀ dúpẹ́ ni. Gílóòbù tuntun ni gbogbo ẹ̀. Nígbà tíná lọ, mo gbé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Àwọn oníbàárà mi ń gbọ́ ‘ẹ padà wá lọ́la,’ torí ìgbín ẹ ló ń lo iná. Mo tiẹ̀ ń jí lóru lọ yẹ iná wò bóyá ó kú.”

“Ohun tí mo kọ sára ògiri ńkọ́?”

“Ohun tó o kọ sára ògiri ni mo ṣe.”

“Ẹ̀ ẹ̀n?”

“Ẹ̀n.”

“Ẹ dìde. Ẹ dìde, ká jọ lọ kà á.”

Télọ̀ dìde pẹ̀lú apá ẹ̀wù lọ́wọ́. Àwọn méjèèjì dúró níwájú ògiri bí ọmọ iléèwé níwájú pátákó. Iná ń jó wọn lórí. Lẹ́tà dúdú náà wà níbẹ̀:

E MA TAN INA SI IGBIN

“Ẹ kà á sókè,” ni Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ wí.

Télọ̀ na ìka sí i. “Ẹ máa tan iná sí ìgbín.”

“Ẹ *má* tan iná sí ìgbín!”

“Níbo lo kọ ọ́ sí?”

“Ó wà níwájú yín níbẹ̀ yẹn!”

“Èyí tó wà níwájú mi, orí òfo ló wà. Kò dé fìlà. Mi ò mọ̀ bóyá ‘má’ ni, mi ò mọ̀ bóyá ‘máa’ ni. Èyí tó bọ́gbọ́n mu ni mo mú.”

“Tó bá jẹ́ ‘máa’ ni, lẹ́tà ‘a’ méjì ni ǹ bá kọ!”

“Ìwọ?” Télọ̀ rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. “Ìwọ yìí? Nígbà tí Ìyá ṣubú ní balùwẹ̀, kí lo kọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi? ‘E ma bo.’ ‘A’ kan ṣoṣo. Mo fi aṣọ ọkọ ìyàwó sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo sáré wálé. Ṣé o ní kí n má bọ̀ ni? Àbí ‘a’ kan máa ń tó nígbà tí wàhálà bá jẹ́ tìẹ, tó bá wá kan ìgbín kó di méjì?”

Kò sí ohun tó ń bí ènìyàn nínú tó kí ẹni tó ṣẹ̀ ọ́ fi òótọ́ dá ọ lóhùn. Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ wá inú ara rẹ̀ kiri, ó rí ibi tí ìbínú rẹ̀ tún lè dúró sí.

“Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò bi mí?”

“Kí ni mo fẹ́ bi? Ta ni kò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ dára? Tí mi ò bá ríran, mi ò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́. O ti dí fèrèsé mọ́ àwọn nǹkan yìí látọjọ́ yìí, o fi wọ́n sínú òkùnkùn bí olè. Nígbà tí mo rí ohun tó o kọ, mo ní ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, àbúrò mi ti ronú ara ẹ̀ wò.”

“Ìmọ́lẹ̀ ń ta wọ́n lójú, Bọ̀dá mi!”

“Lójú?” Télọ̀ wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, bí ẹni pé ó ń wá ẹni tó máa bá òun jẹ́rìí. “Ojú wo? Ìgbín wo ló lójú? Ìwo ló ní. Ìwo mẹ́rin! Àgbò pàápàá, méjì ni tiẹ̀, síbẹ̀ kò yangàn tó ọ.”

Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ nawọ́ sí igun yàrá. “Àpótí tó wà níbẹ̀ yẹn ńkọ́?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí télọ̀ gbójú sílẹ̀. “Wọ́n ti kú.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Mo kàn wọ́n, wọn ò mira. Mo mì wọ́n, wọn ò dáhùn. Ẹnu wọn ti funfun. Mo ní kí wọ́n má baà rùn kí Ìyá tó dé, ni mo bá lọ dà wọ́n sí ààtàn lẹ́yìn ilé láàárọ̀ yìí. Àwọn yòókù, mo ní kí n ṣì dúró kó o dé, kó o fojú ara ẹ rí òkú wọn.”

“Ẹ da ìgbín mi sí ààtàn. Ẹ wá wọn ilẹ̀.”

“Òkú kì í gba yàrá mọ́ alààyè lọ́wọ́.”

“Ẹ wọn ilẹ̀! Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì wọn ilẹ̀, Ìyá ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ ti fa ìlà! Èmi ń fọ ẹsẹ̀ Ìyá nílé ìwòsàn, mò ń sùn lórí àga onígi, ẹ̀yin wà nílé ẹ̀ ń dìídì fi iná sun nǹkan mi lọ́wọ́ kan, ẹ ń fi téèpù wọn yàrá mi lọ́wọ́ kejì!”

“Má pariwo lé mi lórí. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́!”

“Ẹ̀yin lẹ kà á!”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń lọ tí wọn kò fi gbọ́ nígbà tí Ìyá dé ẹnu ọ̀nà. Ó di apá ìyàwó ilé mú, ó wọ awò dúdú tí wọ́n fún un nílé ìwòsàn. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan wọ yàrá, ó kígbe, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, ó fi orí pamọ́ sí àyà ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn sínú kọ́rídọ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

“Yé! Ta ló gbé oòrùn wọnú ilé? Ẹ pa á! Ẹ pa á, ẹ fẹ́ tún fọ́ mi lójú ni?”

Ọwọ́ Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ ti dé ara ògiri kó tó sọ̀rọ̀ tán. Iná kú. Òkùnkùn bọ̀ wá sínú yàrá bí onílé tó ti ìrìnàjò dé.

Ẹ̀rín kékeré kan bọ́ lẹ́nu ìyàwó ilé. “Ìyá náà fa ìwo wọlé,” ló wí. Ó yára fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbọ́.

“Ṣé ẹ gbọ́?” ni Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ wí nínú òkùnkùn. “Ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ìyàwó yín sọ?”

Ìyá ní kí wọ́n gbé àga fún òun. Ó jókòó sí àárín yàrá, ó ní kí wọ́n rojọ́. Télọ̀ rojọ́, ó ka gílóòbù mọ́ ọn, ó ka jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn, ó ka “E ma bo” mọ́ ọn. Ó parí rẹ̀ síbi pé ìgbín ti kú, àṣẹ tí Ìyá pa fúnra rẹ̀ kò sì fara pamọ́. Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ ní wọn kò kú.

“Kí ni wọ́n wá ń ṣe?” ni Ìyá béèrè.

“Wọ́n pa ojú dé ni, mà.”

“Ìgbín?” Ìyá sún síwájú. “Mo ti ń ṣa ìgbín látìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò rí ojú kankan lára ẹ̀ rí.”

“Ẹ kò rí i torí pé bí ọwọ́ yín bá ti ń lọ, ó ti gbé e pamọ́. Bọ̀dá mi, apá ẹ̀wù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín?”

“Ó wà lọ́wọ́ mi.”

“Ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti èjìká. Ẹ di etí ibi tí ọwọ́ ń gbà yọ mú láti inú. Ẹ fà á. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?”

Wọ́n gbọ́ ìró aṣọ. “Ó ń yí sódì,” ni télọ̀ wí, bí ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣòfò àkókò rẹ̀.

“Ibo ló kọ́kọ́ wọlé?”

“Etí ẹ̀ tí mo dì mú.”

“Ibẹ̀ lojú ìgbín wà. Ìwo méjì tó gùn, ténté orí wọn lojú wà, dúdú, kò ju orí abẹ́rẹ́ yín lọ. Méjì kúkúrú tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ló fi ń gbóòórùn, òun ló fi ń tọ́ ilẹ̀ wò. Iṣan kan wà nínú èyí tó gùn, ó so mọ́ ojú yẹn látinú bí ìgbà tọ́wọ́ yín di etí aṣọ mú. Bí nǹkan bá ti fẹ́ kàn án, iṣan á fà. Ojú ló máa kọ́kọ́ wọlé, ara ìwo á wá máa yí sódì tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣe iyebíye jù ló ń kọ́kọ́ gbé sá. Kò ní ìpéǹpéjú. Kò lọ́wọ́ tó lè fi bo ojú. Ara ẹ̀ ló sọ di ìpéǹpéjú.”

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní èyí. Ó ra awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń tún aago ọwọ́ ṣe, tó ń kógbá wọlé, ó jókòó ti àpótí, ó ń wò. Bí ó bá ti ń wò ni ayé ń dùn mọ́ ọn. Ìgbà kan wà tí alángbá já ìwo ìgbín kan jẹ lórí. Ó fi í sí ọ̀tọ̀, ó ń ṣọ́ ọ, títí ìwo náà fi tún rú díẹ̀díẹ̀, tí ojú tuntun sì yọ lórí rẹ̀. Ó sáré lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó bá òun mú òwú funfun wá.

“Kí ló wá ń fi ojú náà wò?” Télọ̀ kò tíì gbà. “Ìwé ìròyìn?”

“Kò rí ìwé. Kò rí àwọ̀. Kò mọ̀ yín yàtọ̀ sí òpó ilé. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló ń rí, àti òjìji ohun tó bá ń bọ̀. Ó tó o. Ìyẹn ló fi ń mọ ibi tó máa sá sí kí ara ẹ̀ má baà gbẹ. Ẹ̀yin wá so oòrùn mọ́ ọn lórí, ẹ gba ibi ìsápamọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ṣe ohun kan ṣoṣo tó kù tó lè ṣe. Ó kó ojú ẹ̀ wọlé, ó kó ara ẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yin kan ilẹ̀kùn, kò dá yín lóhùn, ẹ ní ó kú! Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín tẹ́ ẹ sùn, ṣé ààtàn ni kí wọ́n gbé yín lọ?”

Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó báyìí lẹ́ẹ̀kan nínú ilé náà.

Ìyá ní, “Ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Mo ní ojú ara mi ni mo máa fi rí i. Fi hàn mí.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Bí ìgbín kò bá yọjú, yàrá ti lọ, gbogbo àlàyé yẹn yóò sì di àlọ́. Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ fi aṣọ dúdú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn padà. Ó bu omi, ó fi ìka wọ́n ọn sórí iyẹ̀pẹ̀ bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó mú ìgbín kan tó tóbi, ó fi omi pa á lẹ́nu, ó gbé e sórí ewé tútù kan nínú àwo, ó gbé àwo náà sí orí itan Ìyá. Ó tú gèlè pupa tó wà lórí ìyàwó ilé, ó fi ká tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì, ìmọ́lẹ̀ tó jáde níbẹ̀ pupa rúsúrúsú, kò tó èyí tí ẹyín iná tó ń kú lọ ń mú wá.

“Ìyá, ẹ lè bọ́ awò yín báyìí. Kò sí ohun tó máa ta yín lójú.”

Wọ́n dúró. Ìgbín kò mira. Omi ń kán láti ara ewé. Níta, ọmọdé kan ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri ẹnì kan. Télọ̀ wúkọ́. Ó tún wúkọ́.

“Òkú kì í...”

“Ẹ pa ẹnu yín dé,” ni Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, Ìyá kò sì bá a wí.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kú lábẹ́ rẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí, tí ẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Bí ooru yẹn bá ti pọ̀ jù ńkọ́? Bí ẹ̀gbọ́n òun bá jàre ńkọ́?

“Ó rọ̀,” ni Ìyá wí.

Ìwé funfun tó wà lẹ́nu ìkarahun ti rọ̀. Ó ya lápá kan. Omi hó díẹ̀ níbẹ̀, ẹran dúdú kan rọra yọ jáde, ó tẹ́ sórí ewé, ó dúró bí ẹni tó ń fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kókó méjì wú lórí rẹ̀. Ìgbín kì í na ìwo bí ẹni ń na apá o. Inú ló ti ń tú u síta. Ìwo náà ń gùn, ara rẹ̀ mọ́ gaara nínú iná pupa yẹn, gbogbo wọn sì rí i: ohun dúdú kékeré kan wà nínú rẹ̀, tó ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fa korobá láti inú kànga, títí tó fi dé òkè pátápátá, tó sì jókòó síbẹ̀.

Ìyá tẹ̀ síwájú. Ojú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là yẹn ló fi ń wò ó, ojú tó jẹ́ pé ṣáájú iṣẹ́ abẹ, òun àti awọsánmà kò yàtọ̀. Ìwo ìgbín náà yí díẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ó ń wò mí,” ni Ìyá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ẹ wò ó. Èyí tí mo ti ń pa látìgbà èwe mi. Ó ń wò mí.”

Télọ̀ ti dé ẹ̀gbẹ́ àga láìmọ̀ pé òun ti rìn. Ó na ìka kan. Kò tíì fi bẹ́ẹ̀ kàn án tí ìwo náà fi wọlé, orí ló kọ́kọ́ lọ, ara rẹ̀ yí sódì tẹ̀ lé e, kò sí ríránpọ̀, kò sí ìṣẹ́po. Ó dúró díẹ̀. Ó tún yọ jáde.

“Ta ló rán an?” ni télọ̀ wí. Kò mọ̀ pé òun sọ ọ́ sókè. Ó wo apá ẹ̀wù ọwọ́ rẹ̀, ó wo ìgbín, ó tún wo apá ẹ̀wù. “Kò sí ojú rírán kankan. Láti òkè dé ìsàlẹ̀.”

“Ẹran tí kò lójú,” ni Ìyá wí.

Télọ̀ ká apá ẹ̀wù náà pọ̀.

“Ìwọ tó o ń fi ojú jẹun, o so iná mọ́ ẹran lójú, o wá ní kò lójú. Níbo lo da ìyókù sí?”

“Lẹ́yìn ilé, mà.”

“Kí lo wá ń ṣe níbí?”

Télọ̀ mú korobá, ó jáde. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n gbọ́ tó ń yí nǹkan, tó ń ráhùn, tó ń lé adìyẹ ará ilé kejì. Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ kò ràn án lọ́wọ́. Ó jókòó síbẹ̀ tó ń wọ́n omi sí àpótí kan lẹ́yìn òmíràn.

Nígbà tí télọ̀ padà dé, ìdọ̀tí kún ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ìgbín kan sì ń gun téèpù ọrùn rẹ̀ lọ, ìwo rẹ̀ méjèèjì nà gbọọrọ. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí.

“Ẹ wo ìwọ̀sí,” ló wí. “Abẹ́ ewé jíjẹrà ni mo bá wọn. Gbogbo wọn ti jí! Wọ́n ti ń lọ, mo ń lé wọn! Èyí tí mo fi gílóòbù tuntun tọ́jú, ó ń kú lọ. Èyí tí mo dànù, òun ló ń jẹ̀gbádùn!”

“Ààtàn kò ní iná,” ni Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ dáhùn. Ó gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó yọ èyí tó wà lórí téèpù. “Wọn ò pé.”

“Kí ni mo fẹ́ ṣe sí èyí tí adìyẹ ti jẹ?”

“Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì wọn ibi tó wà.”

Ìyàwó ilé kọjú sí ògiri kó lè rẹ́rìn-ín. Ìyá na ọwọ́ kí wọ́n gbé òun dìde. Ó ní yàrá ti di ti ìgbín, kí télọ̀ tú gílóòbù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó sì fi omi nu ìlà rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin.

“Ìwọ náà, mú ọ̀dà ẹ wá.”

“Èmi, mà? Kí lèmi ṣe?”

“Èyí tó o kọ sókè yẹn, òun náà fa ojú ẹ̀ wọlé ni. Báwo ni ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe fẹ́ rí i?”

Èyí gan-an ló dun Ẹlẹ́sẹ̀-jẹ́jẹ́ jù lọ́jọ́ náà. Ó gun àga. Ó fi ọ̀dà tó ẹsẹ̀ sábẹ́ E. Ó wá fa ìlà kan sórí A, ó fà á tagbáratagbára láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ó dàgẹ̀rẹ̀ sápá ọ̀tún, ọ̀dà ṣù díẹ̀ sí ténté rẹ̀, kò sì ṣàn wálẹ̀.

Télọ̀ dúró nísàlẹ̀ tó di àga mú, gílóòbù tí ó tú wà lábíyá rẹ̀. Ó gbé orí sókè wò ó.

“Ó jọ ìwo,” ló wí.

“Ẹ kà á.”

“Ẹ má tan iná sí ìgbín.”

“Ẹ tún un kà.”

“Àbúrò mi, mo ti gbọ́.”

“Mo ní kẹ́ ẹ tún un kà, Bọ̀dá mi.”

Ó sì tún un kà.